Àlọ́ Ọ̀sán Nínú Kíláàsì Wa

Ìyá ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, nígbà tí kò tíì di ìtàn. Ó ń yan gààrí lẹ́yìn ilé-ìwé wa níbí ní Ìlá, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rà. Ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré, ìyẹ̀fun gààrí ṣì wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, kò dìde bọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo sọ pé ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti wọ kíláàsì karùn-ún mi, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo bá pè é, á dìde, á wo ilẹ̀, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí àánú á fi ṣe mí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìdí ìró nu ojú. Ó ní ṣé ọmọ tí kì í jẹ́ kí àwọn sinmi nílé ni kì í sọ̀rọ̀. Ó ní bó bá ti ti ilé-ìwé dé, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò mọ̀ pé ó ti dé. Lálaalẹ́ ló ń kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí á máa pa àlọ́ fún wọn, èyí tí kò bá gbe orin dáadáa nínú wọn, á fi ìka kàn án lórí kó.

"Ẹ̀yin ló máa ń sín jẹ," ó ní. "Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, bí ẹ ṣe máa ń fa ṣòkòtò yín."

Mo wo ṣòkòtò mi. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní baba ọmọ ti sọ̀rọ̀ o. Ọlọ́kadà ni baba náà, ẹni jẹ́jẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ náà ti tún kíláàsì karùn-ún ṣe rí. Baba ní bó bá tún kùnà lọ́dún yìí, kò ní padà sí ilé-ìwé mọ́, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní Ire, kó lọ máa bá a ta ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní ilé-ìwé wa, kò sí ọ̀nà àtikọjá kíláàsì yẹn láìla ẹnu: ní òpin ọdún, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dìde níwájú olùkọ́ àgbà, á kàwé sókè, á dáhùn ìbéèrè. Ẹni tó bá dákẹ́ ti kùnà, ìbáà mọ ìwé bí ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ ṣáà bá mi mú un sọ̀rọ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Èmi ò fẹ́ kó yan gààrí, mi ò sì fẹ́ kó jókòó ti ọjà olọ́jà."

Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo sì gbà á.

Ó bọ́ sí àkókò tí wọ́n kó àwa olùkọ́ kan lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe lè mú kí kíláàsì máa dùn. A fún ara wa mọ́nú takisí débẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó múra bí ọkọ ìyàwó ló ń kọ́ wa, ó ń fi ẹ̀rọ oníná gbé àwòrán sára ògiri. Ó ní olùkọ́ tó bá ń dá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí a pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí a jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí a máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn, kí ẹni tó bá gbá a mú dáhùn ìbéèrè. Olùkọ́ obìnrin kan láti Ire tó jókòó tì mí rọra sọ sí mi létí pé kí n bi í, ibo la máa ju bọ́ọ̀lù sí nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ti jókòó léra wọn lẹ́sẹ̀. Mi ò bi í. Kò pẹ́ tí iná lọ, àwòrán parẹ́ lára ògiri, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ fún wa títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Olùkọ́ ará Ire ní, "Ògiri ni wá báyìí."

Síbẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo fi àkísà rán bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ẹni tí kò mọ ìdáhùn pàápàá ń fò gbá a mú. Nígbà tó dé ọwọ́ ọmọ náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó jókòó, kò jù ú sẹ́nì kan mọ́. Eré parí níbẹ̀. Mo ya àwòrán sórí káádíbọọ̀dù, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ tirẹ̀ ló máa ń rí ìdáhùn jù, òun ló ń kọ ọ́ fún wọn, ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Àlọ́. Kí ló dé tí mi ò fi mú ohun tó ń pa nílé wá sí kíláàsì?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a fẹ́ ṣe ìdá nínú ìṣirò, mo pa ìwé dé, mo fìdí lé etí tábìlì, mo ní, "Àlọ́ o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ń wo ara wọn. Mo tún un sọ. Ọmọkùnrin kan ní iwájú na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Èmi ṣì nílò ìyá mi."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbe àlọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: alẹ́ ló ni àlọ́. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí ni pé ẹni tó bá pa á lọ́sàn-án, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Mo rò pé àwọn ọmọ ayé fóònù kò mọ èèwọ̀ yẹn mọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ díákónì mọ̀ ọ́n, ọmọ lèmọ́mù mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ ni ọmọ náà ti dìde. Ó lọ sí ìdí fèrèsé pákó, ó fà á, ó tì í. Ó lọ sí ìkejì. Àwọn yòókù lóye, wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi súẹ́tà dí ihò ara pákó. Páànù ibì kan ti lu lórí, ìmọ́lẹ̀ kan ń bọ́ láti ibẹ̀ sí ilẹ̀ bí owó ẹyọ. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìmọ́lẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kíláàsì ṣókùnkùn. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí, ohùn tó nípọn ju ara ẹni tó ni ín lọ.

"Ilẹ̀ ti ṣú, sà."

Mo ní, "Àlọ́ o."

Wọ́n ní, "Àlọ̀."

Mo pa àlọ́ Ìjàpá tó ní kí àwọn ẹranko fún òun ní ọ̀bẹ kí òun bá wọn pín iṣu kan. Ó gé e sí ìdajì, ó ní èyí kò dọ́gba. Ó gé ìdajì náà sí ìdajì, ó ní ó tún kù. Bó ṣe ń gé e ló ń jẹ èyí tó yọ. A fi orin sí i. Mo ń dá a pé "Gé e fún mi, Ìjàpá, gé e," wọ́n ń gbè é pé "Wẹ́wẹ́." Nígbà tí Ìjàpá gé e lẹ́ẹ̀kẹta tó gbé ọ̀bẹ dúró, mo bi wọ́n, ìdá mélòó ló kù nínú iṣu? Nínú òkùnkùn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sí ẹni tó máa rí ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tó kì wọ́n láyà nìyẹn. Wọ́n ń dáhùn lọ́tùn-ún lósì. Ohùn tó nípọn yẹn ní, "Ìdá kan nínú mẹ́jọ," ó sì tọ̀nà.

Bí a ṣe lo ìyókù sáà nìyẹn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ṣòfin. Ẹnì kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí nǹkan kan títí àlọ́ á fi parí, tí gbogbo wa á sọ pọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. A fi àlọ́ Àwúrebé kọ́ nípa omi tó ń gbẹ, a fi ti Ẹkùn àti Àgbọ̀nrín ka iye. Olùkọ́ àgbà, ìyá kan tó jẹ́ díákónì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn, pè mí sí ọ́fíìsì, ó bi mí irú òkùnkùn wo ni mò ń kó ọmọ ọlọ́mọ sí. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kíláàsì. Mo fi iṣẹ́ àwọn ọmọ hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó dá a padà, ó ní kí n máa ṣí fèrèsé ní kété tí mo bá ti ṣe tán, nítorí ooru.

Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, inú òkùnkùn nìkan ni. Nígbà tó yá, bí a bá ṣí fèrèsé, á parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ka ojú ìwé kan lódindi nínú ìmọ́lẹ̀, ó fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì yí ojú sí pátákó kí n má bàa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọyẹ́ ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń wú. Ó fi gààrí sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n gbé e padà wálé. Ó lọ sí ilé àdúrà, ó dé. Ọmọ á dé sí kíláàsì, màá bi í pé màmá ńkọ́, á ní wọ́n ń kí yín. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ fúnra wọn, kí wọ́n fi ìṣirò sínú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní tirẹ̀ lórí ẹní. Mo lọ kí obìnrin náà nílé, ó rù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣàwàdà. Ó ní nígbà tí òun ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Nígbà tí tíṣà ní kó sọ̀rọ̀, ó di dandan kí òun ìyá náà di tíṣà.

Ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ náà pa àlọ́ rẹ̀ ni ọ̀gá tó ń bẹ ilé-ìwé wò dé. Àwa kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. A ti tilẹ̀kùn, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ náà dúró síwájú, mo sì jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín wọn. Àlọ́ náà dá lórí obìnrin kan tó ń bu omi sínú agbè tó lu. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tó yẹ kó dúró àti ibi tó yẹ kó sáré. Ó dá orin, kíláàsì gbè é, mo gbè é. Ọ̀gá náà taari ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó gba ẹ̀yìn, ó fa fèrèsé ṣí gbangba láti ìta, ó fi fóònù wọlé kí ó lè yà wá ní fídíò. Ó ní, "Ẹ má dúró o. Ó dára gan-an. Ẹ máa bá a lọ."

Oòrùn bọ́ sójú ọmọ náà. Ó gbé apá bo ojú. Orin já lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbè é mọ́, gbogbo wọn ń wò ó. Ọ̀gá náà ṣì ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ sọ fún un pé kó máa bá a lọ. Ọmọ náà yíjú sí mi.

"Sà," ó ní, "kò tíì parí."

Mo sáré ti fèrèsé. Mo ní kó parí rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo ní kó jókòó, mo ní kò séwu. Ọ̀gá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò rí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá rẹ̀ kú.

Àìsàn ló pa á. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Dókítà ti sọ bí ọ̀rọ̀ kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí. Níbi ìsìnkú, àwọn obìnrin ìjọ sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó. Ọkọ rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní ẹ ṣeun, tíṣà, ó fẹ́ràn yín. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi, kò sí ẹni tó dá ọmọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin yẹn kan náà, bí ẹnì kan bá mẹ́nu kan kíláàsì wa, wọ́n á wo ojú oòrùn, wọ́n á sì sọ nǹkan mìíràn.

Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní àìsàn ni, ó ti wà lára ìyá rẹ̀ kí a tó pa àlọ́ kankan. Ó gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ohun kan, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀.

"Sà, bí mo bá ti parí rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò sí ohun tí ì bá yí padà. Ó mi orí, bí àgbàlagbà ṣe ń mi orí fún ọmọdé tó ń parọ́ tí kò fẹ́ dójú tì í. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ó padà sí kíláàsì. Bí mo bá ní "Àlọ́ o," mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde ti fèrèsé mọ́. Àwọn ìyá kan ti kìlọ̀ fún ọmọ wọn nílé, àwọn kan kò sì nílò ìkìlọ̀. Mo padà sí bọ́ọ̀lù alákìísà. Mo padà sí àwòrán, sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, sí ìdérí ìgò tí a fi ń ka iye. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ara wọn. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọmọdé ni wọ́n. Òun kò bọ̀ sípò. Nígbà kan rí, á kọ ìdáhùn kí ẹlòmíràn sọ ọ́. Báyìí kò kọ ọ́ mọ́. Á mú pẹ́ńsù dání, á máa wo fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

Fídíò yẹn wà lórí Wọ́sáàpù àwọn olùkọ́ títí di òní. Wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí fóònù dé orí fóònù. Wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé báyìí ló ṣe yẹ kí a máa kọ́ ọmọ. Ó kúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí fèrèsé ti ń ṣí, ẹ óò gbọ́ ìparí orin, ẹ óò rí ọmọ kan tó gbé apá bojú. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ojú ló ń tì í. Nítorí fídíò náà ni wọ́n ṣe pè mí sí Ọ̀tan, kí n wá fi ọ̀nà ìkọ́ni yìí han àwọn olùkọ́ mìíràn. Mo lọ. Mo sọ nípa òkùnkùn, mo sọ nípa orin àti ìbéèrè tí a ń fi sáàárín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, mo ní ó ṣiṣẹ́, nítorí ó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò ẹnu, olùkọ́ àgbà pe ọmọ náà. Ó dìde, ó wo ilẹ̀. Olùkọ́ àgbà dúró dè é ju bó ṣe ń dúró de ẹnikẹ́ni lọ. Ó fi Yorùbá bi í, obìnrin tí kò jẹ́ fi Yorùbá bi ọmọ. Ó ní kó ṣáà dárúkọ ara rẹ̀, òun á fi ìyẹn gbé e kọjá. Ọmọ náà dúró. Nígbà tó yá, olùkọ́ àgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pe ẹni tó kàn.

Baba rẹ̀ wá gbé e. Ó ti so àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kó tó wá kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún wa ní ọdún kan sí i. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán.

"Tíṣà, ẹ ti gbìyànjú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó lọ sí ibi tí wọn ò ti ní bi í ní nǹkan kan."

Wọ́n lọ.

Mo ní ìdí kan láti kọjá ní Ire láìpẹ́ yìí. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wà níbẹ̀, ó ti ga sí i. Mo ní kó fún mi ní bísíkíìtì, ó fún mi, ó fi ìka sọ iye rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ra ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n má bínú, ó ní odi ni, ṣùgbọ́n ó mọ owó kà. Àbúrò baba rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù yọjú láti inú ilé, ó kí mi dáadáa, ó ní ọmọ náà kò yọ òun lẹ́nu rárá, irú ọmọ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Ọmọ náà wò mí. Ó dá mi mọ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bísíkíìtì lọ́wọ́, gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Ọ̀tan àti gbogbo ohun tí mo fi kọ́ àwọn mìíràn ní Ọ̀tan, n kò rí ọ̀kan mú jáde nínú wọn.

Ìwọ tí o ti jókòó gbọ́ mi débí, ká ní ìwọ lo dúró níwájú ọmọ yẹn, kí ni ìwọ ì bá sọ fún un tí yóò gbà gbọ́?